Bí Ẹgbẹ́ SVP Ṣe Ń Gba Agbára Lọ́wọ́ Ìjọba Róòmù

Ní àríwá Ítálì, níbi tó ti bá Austria pààlà, ìpínlẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ South Tyrol. Bolzano ni olú ìlú rẹ̀. Èdè Jámánì ni ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ń sọ, torí Austria ló ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní ni wọ́n fà á lé Ítálì lọ́wọ́. Nígbà tí Mussolini, apàṣẹwàá Ítálì, dé orí àlééfà, ó fòfin de èdè wọn nílé ìwé, ó yí orúkọ ìlú wọn padà, kódà wọn ò gbọdọ̀ fi Jámánì kọ nǹkan sára òkúta sàréè. Bí ogun kejì ṣe parí ní 1945 ni wọ́n dá Südtiroler Volkspartei, ìyẹn SVP, ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn elédè Jámánì ibẹ̀, sílẹ̀.

Ní 1946, Austria àti Ítálì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pé àwọn elédè Jámánì yóò máa ṣàkóso ara wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí òfin rẹ̀ jáde ní 1948, Ítálì ti so South Tyrol pọ̀ mọ́ Trento tó múlé tì í, àpapọ̀ méjèèjì ló sì kó agbára tó gbópọn fún. Elédè Ítálì ló pọ̀ jù nínú àpapọ̀ náà. Ẹ̀tàn gbáà ni. Ní 1957, nǹkan bí 35,000 ènìyàn péjọ sí Sigmundskron, Silvius Magnago, olórí ẹgbẹ́ tí ogun ti gba ẹsẹ̀ kan lára rẹ̀, sì kéde pé ó tó àsìkò láti bọ́ lábẹ́ Trento. Austria gbé ọ̀rọ̀ náà dé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 1960. Àwọn kan tí sùúrù wọn ti tán fi àdó olóró wó òpó iná lóru ní 1961, ṣùgbọ́n ìjíròrò ni SVP dì mú. Ó yọrí sí ìwé àdéhùn tó ní ìgbésẹ̀ 137 láti fún South Tyrol lágbára. Àwọn aṣojú ẹgbẹ́ dìbò lé e lórí ní Merano ní 1969: 583 gbà á, 492 kọ̀ ọ́. Òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1972.

Òfin yẹn kàn sọ pé agbára báyìí báyìí jẹ́ ti ìpínlẹ̀ ni. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́fà ló ń jókòó kọ bí wọn yóò ṣe lò ó. Róòmù yan mẹ́ta, ìpínlẹ̀ yan mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú mẹ́ta ti Róòmù gbọ́dọ̀ jẹ́ elédè Jámánì, ọ̀kan nínú mẹ́ta ti ìpínlẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ elédè Ítálì. Kò sí ẹ̀yà tó lè dá a ṣe. Bí wọ́n bá fẹnu kò, ìjọba Róòmù a sọ ọ́ di àṣẹ láìgba ilé aṣòfin kọjá, òfin lásán kò sì lè wọ́gi lé e. Ibí gan-an ni ọgbọ́n ètò náà wà.

Ìbò ló ń mú Róòmù wá sídìí ọ̀rọ̀. Aṣojú díẹ̀ ni SVP ń rán lọ sílé aṣòfin, ṣùgbọ́n ìjọba Ítálì kì í pẹ́ wó, olórí ìjọba tí ìbò rẹ̀ kò tó a sì máa wá ojú rere wọn. Agbára fún ìpínlẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń béèrè, kì í ṣe ipò mínísítà.

Ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ọ̀pọ̀ owó orí ibẹ̀ ló ń padà sọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba náà, bí elédè kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó ni wọ́n fi ń pín in. Nínú ìkànìyàn 2011, Jámánì kó 69.4 nínú ọgọ́rùn-ún, Ítálì 26, Ladin, èdè kékeré kan tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, 4.5. Ẹni tó ń wáṣẹ́ gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò èdè Jámánì àti Ítálì, kí ó sì mú ìwé ẹ̀rí ẹ̀yà èdè rẹ̀ wá nínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa. Ibí ni ètò náà ti le jù: ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń sọ Ítálì, tí ìyá rẹ̀ ń sọ Jámánì, ẹ̀yà kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ mú.

Nínú ìbò 2023, ìjókòó 13 nínú 35 ni SVP rí nílé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀, torí àwọn ẹgbẹ́ tó fẹ́ kí wọ́n kúrò ní Ítálì pátápátá náà ń bù nínú ìbò rẹ̀. Òfin sì ní elédè Ítálì gbọ́dọ̀ wà nínú ìjọba ìpínlẹ̀. Ni gómìnà Arno Kompatscher, ọmọ ẹgbẹ́ SVP, bá gba ẹgbẹ́ Giorgia Meloni, olórí ìjọba Ítálì, mọ́ra, ohun tó bí ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú. Ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ Meloni ni kí wọ́n dá àwọn agbára tí ìdájọ́ ilé ẹjọ́ ti bù kúrò lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ láti 2001 padà.