Kí Ni Ọ̀fun Yín Ń Béèrè Gan-an: Ṣúgà, Ọ̀rá Tàbí Yìnyín?

"Ṣùgbọ́n kò sí mílíìkì nínú rẹ̀ o, Dókítà."

Gbólóhùn yìí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ti jáwọ́ nínú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n ti fi ọ̀fadà rọ́pò ìrẹsì òyìnbó. Ẹ̀wà ti wọ abọ́, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ti wọ abọ́. Síbẹ̀, bí a bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ṣúgà kò kúrò níbi tó wà, kọlẹ́sítẹ́róòlù sì tún gòkè sí i. A ó wádìí títí, kí ọ̀rọ̀ tó já sí ike áísìkiriìmù kan nínú fírísà, èyí tí wọ́n ya àgbọn sí lára, tí wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà pé ewéko nìkan ni wọ́n fi ṣe é. Alaalẹ́ ni ṣíbí ń wọ ike náà, ọkàn ẹni tó ń jẹ ẹ́ sì balẹ̀ pé oúnjẹ ìlera ni.

Kí nǹkan má ní mílíìkì kò sọ ọ́ di oúnjẹ tó bá ara mu. Ohun mẹ́rin ló ń di áísìkiriìmù: omi, ṣúgà, ọ̀rá, àti afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ fẹ́ sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ̀rá mílíìkì kúrò, ọ̀rá mìíràn gbọ́dọ̀ gba ipò rẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rá èyíkéyìí. Òróró ẹ̀pà kò wúlò tó fún un, torí pé ṣíṣàn ló máa ń ṣàn. Ọ̀rá tó ń dì ló ń gbá afẹ́fẹ́ yẹn mú kí áísìkiriìmù má baà wó palẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sá tọ àdín àgbọn àti àdín ẹ̀kùrọ́. Nínú gíráàmù 100 àdín àgbọn, ó lé ní 80 tó jẹ́ ọ̀rá tó ń dì, irú èyí tó ń gbé kọlẹ́sítẹ́róòlù burúkú sókè. Epo pupa tí ẹ tìtorí ẹ̀jẹ̀ ríru sá fún, nǹkan bí 50 péré ni tirẹ̀. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan àdín àgbọn ní tó gíráàmù 12 ọ̀rá yìí nínú. Ẹni tó ń jẹ 2,000 kálórì lójúmọ́ kò sì yẹ kó kọjá 22, láti àárọ̀ dé alẹ́.

Ṣúgà ńkọ́? Òtútù kì í jẹ́ kí ahọ́n mọ adùn dáadáa, nítorí náà ẹni tó ń ṣe áísìkiriìmù ní láti da ṣúgà púpọ̀ sí i kó tó dùn lẹ́nu. Ẹ dán an wò: ẹ bu ṣíbí mẹ́ta sínú ife, ẹ jẹ́ kó yọ́ pátápátá, kó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ wá tọ́ ọ wò. Adùn rẹ̀ á sú yín. Ṣúgà yìí kan náà ni kì í jẹ́ kó dì gbagidi bí òkúta nínú fírísà, ìyẹn ni kò fi rọrùn fún àwọn tó ń ṣe é láti dín in kù. Ìdajì ife áísìkiriìmù fànílà lásán, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 66, ní nǹkan bí gíráàmù 14 ṣúgà, ìyẹn ṣíbí tíì mẹ́ta àbọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ má kọjá gíráàmù 50 lójúmọ́ fún ẹni tó ń jẹ 2,000 kálórì, ó sì sàn kó má ju 25 lọ. Ta ló ń bu ìdajì ife tó sì dáwọ́ dúró?

Èyí tí wọ́n ń ṣe nílé ló tilẹ̀ ń bí mi nínú jù, torí pé ẹni tó ṣe é gbà pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́. Ìyẹ̀fun funfun kan wà tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò, tí wọ́n á fi omi tútù pò, tí wọ́n á fi ẹ̀rọ nà títí yóò fi wú. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà lọ́jà láti fi ṣe áísìkiriìmù aláìnímílíìkì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yí páálí rẹ̀ padà, ẹ ka ẹ̀yìn. Ohun tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ, èyí tó kéré jù ló ń gbẹ̀yìn. Ẹ ó rí sugar tàbí glucose syrup níwájú níwájú. Ẹ ó rí hydrogenated palm kernel oil: àdín ẹ̀kùrọ́ náà ni, wọ́n kàn tún fi ẹ̀rọ sọ ọ́ di líle sí i ni. Nígbà tó bá yá, ẹ ó rí sodium caseinate. Purotéènì ni caseinate, inú mílíìkì màlúù ni wọ́n sì ti ń yọ ọ́. Wọ́n lè kọ non-dairy (aláìnímílíìkì) síwájú páálí kí caseinate sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bákan náà ló rí fún whey, casein, lactose, milk solids, skimmed milk powder, butterfat àti ghee. Ẹ há orúkọ wọ̀nyí sórí. Bí ẹ bá rí ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn, ti màlúù ti wọ̀ ọ́.

Ìyàtọ̀ kan wà níbí tí àwọn tó ń tà á kì í mọ̀. Ẹni tí mílíìkì ń dà nínú rú, tí inú rẹ̀ ń kùn tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru bó bá mu ún, lactose, ìyẹn ṣúgà inú mílíìkì, ni kò bá a lára mu, caseinate lè má ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọmọ tí purotéènì mílíìkì ń bá jà, tí ètè rẹ̀ ń wú, tí èémí rẹ̀ ń ké, caseinate díẹ̀ lè gbẹ̀mí rẹ̀. Nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára páálí kò yí èyí padà. Ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ ni pé wọ́n forúkọ ọjà sílẹ̀. Kò sọ pé ó bá ìtọ̀ ṣúgà mu, kò sì sọ pé ó bá ọmọ yín mu. Ẹni tó kọ́ ìmọ̀ oúnjẹ ní yunifásítì ni ẹ lè bi ní ìyẹn, kì í ṣe ẹni tó ń fi fídíò polówó lórí fóònù.

Ó dáa. Ọ̀fun ń dá tòlótòló, kí ni ká ṣe sí i?

Ẹ kọ́kọ́ wo oúnjẹ ọ̀sán. Àwọn tó ń ṣí fírísà ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, bí ẹ bá bi wọ́n léèrè, ẹ̀bà àti ilá lásán ni wọ́n jẹ lọ́sàn-án: wọ́n yọ ẹran kúrò, wọn kò fi ohunkóhun rọ́pò rẹ̀. Abọ́ ẹ̀wà sísè kan, nǹkan bí gíráàmù 170, ní purotéènì gíráàmù 13 àti fáíbà tó tó gíráàmù 11. Ẹni tí ìyẹn bá wà nínú rẹ̀ lọ́sàn-án, apá rẹ̀ á ká alẹ́ rẹ̀. Pé kí ẹni tí kò jẹ ohun ẹlẹ́mìí rárá máa lo fítámìnì B12, pàápàá ẹni tó ń lo metformin fún ìtọ̀ ṣúgà, torí pé oògùn yẹn náà ń dín B12 kù lára, mi ò rò pé ó tún yẹ kí n máa sọ ọ́.

Bó bá jẹ́ pé adùn ni ọ̀fun ń wá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ló ń gba ni. Kí ó ti pọ́n débi pé àmì dúdú ti ń yọ lára èèpo rẹ̀. Èyí tí kò pọ́n tó máa ń ha ni lẹ́nu, torí pé sítáàṣì rẹ̀ kò tíì di ṣúgà. Ẹ bó o kí ẹ tó gbé e sí fírísà, nítorí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá dì pẹ̀lú èèpo, ẹ ó fi ọ̀bẹ jà á títí. Ẹ gé e ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀, ẹ tẹ́ ẹ sórí àwo pẹrẹsẹ kí wọ́n má fara kanra, kó wà níbẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Bẹ́ ẹ bá dì í pọ̀ mọ́ra, òkúta kan ṣoṣo ni yóò di, bùlẹ́ńdà yín á sì jóná. Bó bá ti dì, ẹ jẹ́ kó fara gba afẹ́fẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, kí ẹ tó fi ṣíbí wàrà ọ̀fíọ̀ tàbí mílíìkì sóyà méjì sí i. Ẹ máa tẹ bùlẹ́ńdà díẹ̀díẹ̀, ẹ máa dáwọ́ dúró, ẹ máa fi ṣíbí yí i wálẹ̀ bí ẹ bá ti pa á. Yóò kọ́kọ́ dà bí gààrí, yóò wá dà bí ìyẹ̀fun pípò, lẹ́yìn náà ni yóò ṣàdédé jọ̀lọ̀. Ìgbà tó bá dà bí gààrí yẹn ni ọ̀pọ̀ máa ń kánjú da omi sí i, omi yẹn ni yóò sì di yìnyín gbẹrẹgẹdẹ sí wọn lẹ́nu.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó mọ níwọ̀n ní nǹkan bí gíráàmù 14 ṣúgà pẹ̀lú fáíbà gíráàmù mẹ́ta, láìsí ọ̀rá àgbọn kankan. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, kí ó fi mọ sí ọ̀kan, kí ó sì po ṣíbí ẹ̀pà lílọ̀ tí kò ní ṣúgà kan mọ́ ọn. Kí ẹ jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kò ní afẹ́fẹ́ nínú bíi ti ilé iṣẹ́, bó bá sùn mọ́jú ní fírísà, yóò le.

Bó bá jẹ́ jíjọ̀lọ̀ ọ̀rá lẹ́nu ni ẹ ń fẹ́, ẹ rẹ ife ọ̀fíọ̀ kan mọ́jú, ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ife omi méjì, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi po ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn dípò mílíìkì àgbọn.

Ọ̀rọ̀ iná kò ṣeé fò. Áísìkiriìmù tó yọ́ nígbà tí iná lọ, tó tún dì nígbà tí iná dé, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti jáde, yìnyín wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ti so pọ̀ di ńlá, ìdí nìyẹn tó fi ń rí bí iyanrìn lẹ́nu. Kòkòrò àrùn sì ti bí sí i nígbà tó yọ́. Dídì kì í pa wọ́n, ó kàn ń dá wọn dúró ni. Bó bá ti ń ṣe bí iyanrìn, tàbí tó ti wọ́ kúrò lára ike, ẹ dà á nù.

Ní báyìí, àwọn kan wà tí kì í ṣe adùn ni wọ́n ń wá, kì í sì í ṣe ọ̀rá. Yìnyín gan-an ni. Píọ̀ wọ́tà inú náílọ́ọ̀nù ni wọ́n á gbé sí fírísà kó dì, wọ́n á fọ́ ọ mọ́lẹ̀, wọ́n á máa rún un wómúwómú látàárọ̀. Wọ́n á fi ṣíbí ha funfun tó lẹ̀ mọ́ ara fírísà. Áísìkiriìmù kò wù wọ́n àfi bó bá dì gan-gan. Ìyá alágbo á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, nǹkan dídùn ló fà á. Ẹlòmíràn á ní ẹ̀mí omi ló ń bá a jà. Irọ́ ni àwọn méjèèjì. Ìfẹ́ yìnyín tí kò ṣeé kó ní ìjánu jẹ́ ọ̀kan lára àmì pé èròjà irin ti gbẹ nínú ara.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Obìnrin kan ní kókó nínú ihò ìdí, ohun tí ọ̀pọ̀ ń pè ní jẹ̀díjẹ̀dí. Kì í ṣe ṣúgà ló fà á. Ìgbẹ́ líle ni, àti gbígin, àti ìjókòó pípẹ́, àti oyún. Ó ń kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbàkigbà tó bá lọ sálàngá. Wọ́n ní kó máa mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró rẹ. Ó ń mu ún, ẹ̀jẹ̀ ń lọ. Oṣù mẹ́fà, ẹ̀jẹ̀ ń lọ. Láàárín ìgbà yẹn ló tún jáwọ́ nínú ẹran láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ irin inú ẹran rọrùn fún ara láti gbà ju ti ewébẹ̀ lọ. Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í wù ú. Wọ́n ní ẹ ò rí i, nǹkan dídùn tó ń jẹ ló ń dá jẹ̀díjẹ̀dí rẹ̀ padà, wọ́n fi àgbo kún àgbo. Ọjọ́ tí yóò dé ilé ìwòsàn, àyà rẹ̀ ń lù kìkì, kò lè gun àtẹ̀gùn, PCV rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó lára, ti wà ní 18, níbi tó yẹ kó tó 36. Ẹ̀jẹ̀ ìdí yẹn pàápàá lè má jẹ́ ti kókó rárá. Jẹjẹrẹ ìfun náà máa ń ṣẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó sì ń fi àgbo bò ó mọ́lẹ̀ ń fún un láyè ni. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ kò ní oògùn kankan ní ojú títì. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ó ní, ẹ dìde níwájú rẹ̀.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ yìnyín lẹ ń rún, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí. PCV nìkan kò tó, torí pé irin tí ara fi pamọ́ ló máa ń kọ́kọ́ tán, kí PCV tó wálẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n wo ferritin, òun ló ń fi irin àpamọ́ yẹn hàn. Bó bá ti wà lábẹ́ 15 lára àgbàlagbà, àpamọ́ ti gbẹ. Kí dókítà sì wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ gbà jáde: nǹkan oṣù tó pọ̀ jù, fáíbúrọ́ọ̀dì, aràn, ihò ìdí.

Nínú abọ́, ẹ rẹ ẹ̀wà mọ́jú kí ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ jẹ ọsàn tàbí gúáfà mọ́ ọn, torí pé fítámìnì C ń ran ara lọ́wọ́ láti gba irin ewébẹ̀. Tíì àti kọfí, kí wọ́n dúró fún wákàtí kan ó kéré tán lẹ́yìn oúnjẹ. Bí dókítà bá kọ ferrous sulphate mílígíráàmù 200, irin tó wà nínú hóró kan jẹ́ 65. Ẹyọ kan lóòjọ́ tàbí ní ọjọ́ kejì-kejì máa ń tó, ẹni tó bá lò ó ní mẹ́ta kàn ń dá inú rírun sílẹ̀ fún ara rẹ̀ ni. Ìgbẹ́ á dúdú, kò léwu. Ẹni tí irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS (sickle cell) kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti fà sí i lára lè ti kó irin jọ fún un. Ẹ gbé e sókè kúrò lọ́wọ́ ọmọdé, ìwọ̀nba hóró díẹ̀ lè pa wọ́n.

Yìnyín sábà máa ń yé wu ènìyàn láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tó bá bẹ̀rẹ̀ irin, kí ẹ̀jẹ̀ tó kún rárá. Ẹ má dúró níbẹ̀, ó tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí àpamọ́ tó padà. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ lo oògùn náà bó ṣe yẹ fún oṣù kan, tí ẹ ṣì ń rún yìnyín, ẹ tètè padà sọ́dọ̀ dókítà: ẹ̀jẹ̀ ṣì lè máa jáde níbì kan.