Kí Ni CSA? Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Àkọsílẹ̀ Ìmúni ní Texas

Ọlọ́pàá dá mọ́tò kan dúró lójú títì márosẹ̀ ní Houston. Kó tó sọ̀ kalẹ̀, ó ti tẹ nọ́ńbà mọ́tò náà sínú kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, èsì ti dé: ta ló ni mọ́tò, ṣé wọ́n jí i ni, ṣé adájọ́ kan ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n mú ẹni tó ni ín. Ibo ni èsì yẹn ti wá? Ta la ó sì bi bí irọ́ bá wà níbẹ̀?

FBI, àjọ ìwádìí ọ̀daràn ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ní àkójọ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní NCIC, níbi tí wọ́n ń kọ àwọn ènìyàn tí wọ́n ń wá àti àwọn ohun tí wọ́n jí sí, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1967. Ẹ̀ka FBI tó ń jẹ́ CJIS (Criminal Justice Information Services), tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992 tó sì fìdí sọlẹ̀ sí Clarksburg ní West Virginia, ló ń bójú tó o. Àgọ́ ọlọ́pàá ìlú kékeré kan kò lè dá lọ kanlẹ̀kùn níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ilé-iṣẹ́ kan tó dúró bí oníbodè, CJIS Systems Agency, CSA ní ìgékúrú. Ní Texas, Department of Public Safety, ìyẹn DPS, tó wà ní Austin, ni oníbodè náà. County 254 ló wà ní Texas, a lè fi wọ́n wé ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, bodè kan náà sì ni àwọn ọlọ́pàá gbogbo wọn ń gbà kọjá.

Oníbodè yìí ló ń pinnu ẹni tó lè wọlé àti ẹni tí kò lè wọlé. Ẹni tó máa fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ ìka fún àyẹ̀wò, kó sì gba ẹ̀kọ́. Gbogbo ìbéèrè ló ń fi ipa sílẹ̀: ẹni tó bèèrè, ọjọ́, wákàtí. Ọlọ́pàá tó bá fi í wo ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ àtijọ́ lè pàdánù iṣẹ́, ó sì lè fojú ba kóòtù. Ní gbogbo ọdún 3, DPS máa ń yẹ iṣẹ́ àwọn àgọ́ wò, FBI náà á sì yẹ ti DPS wò.

Àmọ́ níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ọmọ aráyé jù ni bí àkọsílẹ̀ ẹyọ ènìyàn kan ṣe ń rìn. Bí wọ́n bá mú ẹnìkan, wọ́n á gba ìtẹ̀ka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á sì fún ìmúni yẹn ní nọ́ńbà kan, TRN. Ọjọ́ 7 ni òfin fún àgọ́ ọlọ́pàá láti fi í ránṣẹ́ sí DPS. Nọ́ńbà yẹn kan náà ni agbẹjọ́rò ìjọba àti akọ̀wé kóòtù máa lò láti fi ibi tí ẹjọ́ parí sí ránṣẹ́. Wọ́n ní ọjọ́ 30.

Ìdí tó fi jẹ́ ìka ni wọ́n gbára lé yé àwa Yorùbá dáadáa. Adébáyọ̀ mélòó ló wà ní Houston? Akọ̀wé kan á kọ Oluwaseun, èkejì á kọ Seun, ẹ̀kẹta á fi orúkọ bàbá síbi tó yẹ kí orúkọ ọmọ wà. Ìka kì í ní ìnagijẹ.

Wàyí o, ká ní wọ́n mú obìnrin kan nítorí ìjà aládùúgbò, tí agbẹjọ́rò ìjọba sì sọ pé òun kò rí ẹjọ́ kankan níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fi òpin ọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́, àkọsílẹ̀ á sọ pé wọ́n mú un, á sì dákẹ́. Ní ọdún díẹ̀ sí i, obìnrin yìí fẹ́ gba ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì. Texas Board of Nursing ní kó tẹ ìka. Ìmúni yọjú, ìdáláre kò yọjú. Ó dùn mí pé ìlà kan ṣoṣo tí akọ̀wé kò tẹ̀ lè fa irú wàhálà báyìí fún ẹni tí kò jẹ̀bi.

Irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ti pààyàn rí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, ọkùnrin kan yìnbọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Sutherland Springs, ní Texas yìí kan náà, ẹ̀mí 26 sì lọ. Ilé ẹjọ́ ológun òfuurufú ti dá a lẹ́bi ní 2012 pé ó lu ìyàwó àti ọmọ ìyàwó rẹ̀. Ìdálẹ́bi yẹn ò jẹ́ kó lẹ́tọ̀ọ́ láti ra ìbọn. Àwọn ológun kò fi í ránṣẹ́ sí FBI, ìyẹn ni ọkùnrin náà fi rí ìbọn rà. Ní 2021, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ dá ìjọba lẹ́bi ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀ràn náà.

Àkọsílẹ̀ tó yẹ kí wọ́n ti pa rẹ́ náà ń ṣe jàǹbá. Ní Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona, ní 1991, wọ́n mú ọkùnrin kan lórí ìwé àṣẹ ìmúni tí kóòtù ti fagilé ní ọjọ́ 17 ṣáájú, tó sì ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà. Ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà ní 1995. Òfin NCIC ni pé bí ẹ̀rọ bá sọ pé wọ́n ń wá ẹnìkan, ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ bèèrè lọ́wọ́ àgọ́ tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ṣé ó ṣì dúró. Bó bá jẹ́ kánjúkánjú, ìṣẹ́jú 10 ni wọ́n ní láti dáhùn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wákàtí 1.

Ẹ̀yin tó ń gbé Texas lè rí àkọsílẹ̀ ara yín. Ẹ máa tẹ ìka, DPS á sì fi èsì ránṣẹ́ sí yín. Bí ìmúni kan bá wà níbẹ̀ tí kò ní òpin, ẹ mọ̀ pé DPS kò lè dá òpin kọ sí i. Agbẹjọ́rò ìjọba tàbí kóòtù tó bójú tó ẹjọ́ náà ló gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́. Ẹ mú nọ́ńbà TRN yẹn àti ẹ̀dà ìwé ìdájọ́ lọ bá akọ̀wé kóòtù ní county tí wọ́n ti mú yín. Bí adájọ́ bá sì ti pàṣẹ pé kí wọ́n pa ìmúni náà rẹ́ pátápátá, ojúṣe DPS ni láti fi tó FBI létí. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹ tún ìka yín tẹ̀, kí ẹ rí i pé ó ti kúrò níbẹ̀.