"Ìsọ̀kalẹ̀ ni, kò lè le"

Ọdọọdún ni mo máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n fẹ́ lọ rin àfonífojì Samaria: "Ìsọ̀kalẹ̀ ni látòkèdélẹ̀, kò lè le." Àbúrò mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló sọ ọ́ kẹ́yìn. Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó ti ra fìlà, ó ti ra bàtà tuntun. Mo bi í bóyá ó ti wọ bàtà náà rìn rí. Ó ní òun ń tọ́jú ẹ̀ de ọjọ́ náà ni.

Kírétè, erékùṣù ilẹ̀ Gíríìsì, ni Samaria yìí wà, Kírétè yẹn náà tí Pọ́ọ̀lù fi Títù sí. Láti Xyloskalo lókè, tó fi nǹkan bí mítà 1,230 ga ju òkun lọ, dé abúlé Agia Roumeli létí òkun, kìlómítà 16 ni. Wákàtí 4 sí 7 lọ̀pọ̀ èèyàn ń fi rìn ín. N ò ní dúró máa ròyìn ẹwà ibẹ̀. Níbi tí wọ́n ń pè ní Ilẹ̀kùn Irin, ògiri àpáta méjì dojú kọra, àárín wọn ò tó mítà 4, gíga wọn sì tó nǹkan bí 300. Ẹni tó bá débẹ̀ tí kò gbójú sókè, orúnkún ló ń bá jà.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn o. Ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ kì í mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó ń gùnkè. Ó lè máa tàkúrọ̀sọ, kó máa ya fọ́tò. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tàn wà. Èémí la fi ń mọ̀ pé iṣẹ́ ń wọ̀ wá lára. Tí èémí ò bá ti sọ nǹkan kan, a máa gbà pé kò sí nǹkan kan.

Nǹkan sì wà. Nígbà tá a bá ń gùnkè, iṣan iwájú itan máa ń súnkì láti gbé wa sókè. Nígbà tá a bá ń sọ̀kalẹ̀, iṣan yẹn kan náà ló ń ṣe búréèkì: ó ń nà, ó sì tún gbọ́dọ̀ dì wá mú. Ẹ wo ẹni tó ń fi okùn sọ àpò sìmẹ́ńtì kalẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Okùn ń lọ, ọwọ́ ò gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀. Kò mí hẹlẹ, àmọ́ ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ tó bá ṣe tán. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tín-tìn-tín inú iṣan ṣe máa ń já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ìṣísẹ̀ dé ìṣísẹ̀, fún kìlómítà 16. Kì í dun èèyàn lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kejì ló ń bẹ̀rẹ̀, ó lè di ọjọ́ kẹta kó tó le jù. Àwọn kan ní ásíìdì tó máa ń jáde nínú iṣan tó bá ń ṣiṣẹ́ ló fà á. Ásíìdì wo? Ìyẹn ti máa ń lọ kúrò lára láàárín wákàtí mélòó kan tá a bá sinmi; kì í sápamọ́ de ọ̀tunla.

Lọ́jọ́ kejì tí èmi rin tèmi, àtẹ̀gùn ilé tí mo dé sí ò ju mẹ́jọ lọ. Ẹ̀yìn ni mo fi sọ̀ ọ́, mo di irin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ mú bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Màmá àgbà tó ń gbálẹ̀ níwájú ilé wò mí, kò sọ nǹkan kan, ó sún kúrò lọ́nà fún mi. Ó jọ pé ó ti rí irú mi rí.

"Mo máa ń sáré ní gbogbo Sátidé ńkọ́?" Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú? Ìyẹn dáa fún èémí. Iṣan tí kò ṣe búréèkì rí ò lè kọ́ ọ níbẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kéèyàn ti fojú iṣan rí ìsọ̀kalẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ṣáájú. Ìrora ẹlẹ́ẹ̀kejì kì í tó ti àkọ́kọ́. Nítorí náà, ẹ wọ lífíìtì gòkè, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Mo mọ̀ pé ó jọ ìwà ọ̀lẹ.

N ò sọ pé ó le fún gbogbo èèyàn. Ọmọdékùnrin kan kọjá lára mi lọ́jọ́ yẹn, ó ń fò láti òkúta dé òkúta bí ewúrẹ́. Ẹni tó bá sì ń lọ sókè Ìdànrè déédéé lè má mọ̀ ọ́n lára. Bóyá ohun tí wọ́n ń pè ní "kò le" ni pé kò gba èémí, ìyẹn á sì jẹ́ òótọ́ títí dọ́jọ́ kejì.

Àmọ́ kí orúnkún tó daṣẹ́ sílẹ̀ lágbedeméjì ibẹ̀, ẹ rántí pé ọkọ̀ ò wọbẹ̀. Ìbaaka ni wọ́n fi ń gbé ẹni tó bá fara pa. Agia Roumeli gan-an ò ní títì: ọkọ̀ ojú omi lẹ máa wọ̀ lọ sí Sougia tàbí Chora Sfakion kẹ́ ẹ tó rí bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ tó kẹ́yìn ò sì ní dúró de ẹni tó ń tiro. Ẹ má ju tíkẹ́ẹ̀tì nù, wọ́n á béèrè ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìsàlẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹnì kan ò kù sínú. Tójò bá wà lójú ọ̀run, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá wọ́n ṣí àfonífojì náà. Ẹ gé èékánná ẹsẹ̀, torí iwájú bàtà ni àtàǹpàkò á máa gbá.

Ọjọ́ Ajé ni àbúrò mi rìn ín. Ó pè mí láti etí òkun nírọ̀lẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí mo sọ fún yín pé kò le?"

Mo ní kó pè mí lọ́jọ́ Ọjọ́rú.