Ọjọ́ Mélòó Ni Wòlíì Ń Lò Nílé Yín?

Bí mo bá sọ fún ará Àgbádárìgì pé ìtàn ìjọ ìjímìjí ni mò ń kọ́ni, ìdí igi Àgíà ni wọ́n máa ń nawọ́ sí. Lóòótọ́, ìlú wa ni Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì tó wàásù lábẹ́ igi náà, gúnlẹ̀ sí lọ́dún 1842, ẹnikẹ́ni ò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n kí Freeman tó dé, ó ti lé ní 1,600 ọdún tí wọ́n ti pa Perpetua, ìyá ọlọ́mọ ọwọ́, ní Carthage, ní Áfíríkà wa yìí, torí pé ó kọ̀ láti sẹ́ Jésù. Ọdún 203 nìyẹn. Ta ló ń sọ ọ́ lórí pẹpẹ?

Àwọn tó ń pariwo pé Constantine, ọba Róòmù, ló kó Bíbélì jọ níbi ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Nicaea, mi ò ráyè tiwọn lónìí. Ọ̀rọ̀ bóyá Ọmọ bá Baba dọ́gba ni wọ́n bá Arius, àlùfáà tó ní Ọmọ ò bá Baba dọ́gba, fà níbẹ̀ lọ́dún 325. Kí wọ́n lọ kàwé.

Ti wòlíì ló ń ká mi lára.

Ìwé pélébé kan wà tó ń jẹ́ Didache, ìwé ìlànà àwọn Kristẹni ìjímìjí. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi í sí nǹkan bí ọdún 100. Ọdún 1873 ni Philotheos Bryennios, onímọ̀ ìjọ Gíríìkì kan, tó rí ẹ̀dà rẹ̀ láàárín àwọn ìwé àtijọ́ ní Constantinople. Ọdún 19 rèé tí mo ti ń fi kọ́ni, orí mi ṣì máa ń wú tí mo bá ṣí i. Ìwé náà ní bí oníwàásù bá dé, ẹ gbà á bí ẹ ó ṣe gba Olúwa. Ọjọ́ kan ni kó lò, bó bá pọn dandan, méjì. Bó bá di ẹ̀kẹta, wòlíì èké ni. Bó bá ń lọ, búrẹ́dì tó máa gbé e dé ibi tó tún fẹ́ sùn ni kí ẹ fún un. Bó bá béèrè owó, èké ni. Bó bá sọ nínú ẹ̀mí pé kí ẹ tẹ́ tábìlì oúnjẹ, kò gbọdọ̀ jẹ níbẹ̀. Àlejò lásán tó bá wá lórúkọ Olúwa, bó bá fẹ́ máa bá yín gbé, kó wá iṣẹ́ ṣe, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, Kristi ló fi ń ṣòwò.

Àwọn ọmọlẹ́yìn wòlíì á ní, "Ẹ má fọwọ́ kan ẹni àmì òróró o!" Àwọn tí ọjọ́ wọn sún mọ́ ti àwọn àpọ́sítélì ló ṣòfin yìí. Ṣé ẹ̀yin wá gbọ́n jù wọ́n lọ ni?

Ìyá kan wá bá mi lọ́dún tó kọjá. Ẹja ló ń yan, èéfín ṣì wà lára aṣọ rẹ̀. Wòlíì kan ti lo ọjọ́ 21 nílé rẹ̀, ó ti gba owó àjọ rẹ̀ tán, ó sì bá òwúrọ̀ kùtùkùtù lọ. Ìgò òróró kan ló fi sílẹ̀. Ìyá náà gbé e lé tábìlì mi: "Tíṣà, ẹ bá mi wò ó, ṣé ojúlówó ni?" Mo ṣí i, mo tọ́ ọ wò. Òróró tí wọ́n fi ń dín dòdò ni, wọ́n wá da lọ́fínńdà sí i.

Mi ò sọ̀rọ̀. Mo ka Didache sí i létí ní Yorùbá, díẹ̀díẹ̀. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní, "Ẹ tún ibi oúnjẹ yẹn kà." Mo tún un kà.

"Ó ní Ẹ̀mí ní kí n se ọ̀bọ̀kún méjì, Tíṣà. Òun nìkan ló jẹ ẹ́."