Ọ̀nà ìdàpọ̀ ìpele nínú àtúnṣe fọ́tò

Ọ̀nà ìdàpọ̀ ìpele ni ìṣirò tí sọ́fítíwià àtúnṣe fọ́tò ń lò láti mọ àwọ̀ tí yóò jáde nígbà tí a bá gbé àwòrán kan lé orí òmíràn. Ní ọdún 1994 ni ìpele, ìyẹn àwòrán tí a tò lé ara wọn nínú fáìlì kan (layer), wọ inú sọ́fítíwià Photoshop, nínú ẹ̀dà 3.0. Lónìí, GIMP, Krita àti Photopea náà ní in, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni wọ́n sì fún púpọ̀ nínú àwọn ọ̀nà náà.

Nínú fọ́tò oní-bíìtì 8, nọ́ńbà mẹ́ta ni píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, ní: ti pupa, ti àwọ̀ ewé àti ti búlúù. Òkùnkùn biribiri ni 0, ìmọ́lẹ̀ tó ga jù lọ sì ni 255. Ọ̀nà tí a ń pè ní Multiply a máa sọ nọ́ńbà òkè di púpọ̀ pẹ̀lú ti ìsàlẹ̀, a sì fi 255 pín èsì rẹ̀, nítorí náà àwòrán a máa ṣókùnkùn sí i, àyàfi níbi tí ìpele òkè bá ti funfun, tí kò ní yí ohunkóhun padà. Òdìkejì rẹ̀ ni Screen, tí ń mú àwòrán mọ́lẹ̀, tí dúdú kì í sì í ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀.

Fọ́tò Èyò ní Ìsàlẹ̀ Èkó fi agbára Multiply hàn, ó sì fi ibi tí agbára náà parí sí hàn. Bí ìṣẹ́po aṣọ funfun náà bá wà ní 235 àti 245 nínú oòrùn ọ̀sán, ẹ̀dà fọ́tò náà tí a gbé lé ara rẹ̀ ní Multiply yóò sọ wọ́n di 217 àti 235. Àlàfo 10 ti di 18 nìyẹn, ìṣẹ́po aṣọ yóò sì hàn kedere. Ṣùgbọ́n ibi tí kámẹ́rà bá ti gbà sílẹ̀ ní 255 yóò dúró ní 255, nítorí náà ó sàn kí ayàwòrán dín ìmọ́lẹ̀ kù nígbà tó ń ya aṣọ funfun.

Àwọ̀ ara ni ó gba ìṣọ́ra jù lọ. Nínú fọ́tò ówàḿbẹ̀, gèlè a máa dán, òjìji rẹ̀ a sì bo iwájú orí, èyí tó ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn sáré lo Screen lórí gbogbo ojú. Àwọ̀ ara tó wà ní 120, 75 àti 50 yóò di 184, 128 àti 90: pupa tó jẹ́ ìlọ́po 2.4 búlúù tẹ́lẹ̀ ti sún mọ́ ìlọ́po 2, adúmáadán yóò sì di ẹni tí ara rẹ̀ ṣì. Èyí kì í ṣe àtúnṣe rárá. Ohun tó dára jù ni kí a da àwọ̀ eérú 128 sí ìpele tuntun ní Soft Light, níbi tí eérú yìí kì í ti í yí ohunkóhun padà, kí a wá fi búrọ́ọ̀ṣì funfun tí kò nípọn kun ibi tó ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀, kí a sì fi dúdú kun ibi tó ń dán. Fọ́tò ìsàlẹ̀ yóò wà bó ṣe wà.

Overlay le ju Soft Light lọ, ó sì lè mú kí ara pọ́n jù. Luminosity ń yí ìmọ́lẹ̀ nìkan padà láìfọwọ́ kan àwọ̀, Color sì ń ṣe òdìkejì, òun ni wọ́n fi ń kun fọ́tò àtijọ́ tí kò ní àwọ̀.

Ní Ṣómólú, níbi tí àwọn ilé ìtẹ̀wé pọ̀ sí, Multiply wúlò fún gbígbé òǹtẹ̀ tàbí ìbuwọ́lùwé tí a yà láti orí bébà funfun sórí ìwé ìkésíni, nítorí funfun náà yóò pòórá. Kí a tó yí fáìlì láti RGB (àwọ̀ mẹ́ta ti ojú kọ̀ǹpútà) sí CMYK (àwọ̀ mẹ́rin ti yíǹkì ìtẹ̀wé), ó yẹ kí a ti pa àwọn ìpele pọ̀ di ọ̀kan, nítorí nọ́ńbà mìíràn ni ìṣirò ìdàpọ̀ yóò ṣiṣẹ́ lé lórí nínú CMYK, àwọ̀ tí yóò jáde lórí bébà sì lè yàtọ̀ sí èyí tí oníbàárà rí.