Yíyẹ ọ́ìlì gíà ọkọ̀ wò àti pípààrọ̀ rẹ̀

Ọ́ìlì gíà ni òróró tí ó wà nínú àpótí gíà, níbi tí agbára ẹ́ńjìnnì ń gbà dé ọ̀dọ̀ táyà. Nínú ọkọ̀ onígíà ọwọ́, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí irin má baà gbo irin lọ. Ọ̀rọ̀ ti òtòmátíìkì yàtọ̀. Ọ́ìlì yìí gan-an ló ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì, agbára tí wọ́n fi ń tì í ló ń yí gíà padà, òun náà ló sì ń gbé ooru kúrò nínú àpótí. Bí ó bá dín tàbí tí ó bàjẹ́, ìrìn ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́: gíà á pẹ́ kó tó wọlé, tàbí kí ẹ́ńjìnnì máa ké tí ọkọ̀ kò sì sáré sí i.

Hydra-Matic, tí General Motors ṣe fún ọkọ̀ Oldsmobile ọdún 1940, ni òtòmátíìkì àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe lọ́pọ̀ yanturu. Ní 1949 ni ilé-iṣẹ́ náà gbé ìlànà Type A jáde fún ọ́ìlì rẹ̀. Ọ̀rá àbùùbùtán wà lára èròjà irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Aró ni wọ́n fi ń sọ ọ́ di pupa, kí ojú lè yà á sọ́tọ̀ sí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì nígbà tí ó bá ń jò.

Yíyẹ̀ ẹ́ wò

Orí ilẹ̀ títẹ́jú ni a ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rìn tí ó sì gbóná dáadáa, nítorí ooru máa ń mú kí ọ́ìlì fẹ̀ sí i. A ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, a ó fi ọ̀pá gíà kan gbogbo ipò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó sì dá a padà sí P, ipò ìdúró. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì kò ní kú ní gbogbo àkókò yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ Honda ni a ní láti pa kí a tó fa gééjì, ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì, yọ. A ó nu gééjì náà, a ó tì í wọlé dé ìsàlẹ̀, a ó tún fà á yọ. Àárín àmì méjèèjì ni ó yẹ kí ọ́ìlì wà.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun kò ní gééjì rárá. Bóòtì kan lára àpótí ni wọ́n ń tú nígbà tí ọ́ìlì bá dé ìwọ̀n ooru tí ìwé ọkọ̀ sọ. Bí ó bá ń kán díẹ̀díẹ̀ jáde, ó tó.

Ẹ kán an sórí àkísà funfun. Èyí tó dára á tàn ká ní pupa tó mọ́ gaara. Bí ó bá dúdú tí ó sì ń rùn bí ohun tó jóná, àwọn awo ìfarakanra inú gíà ti ń jẹ. Bí ó bá rí bíi mílíìkì tí a po pupa mọ́, omi ti wọ̀ ọ́, ó sì sábà máa ń jẹ́ láti inú ràdíétọ̀, níbi tí ọ̀pá ìtutù gíà gbà kọjá. Kí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ má rìn mọ́. Gíà kì í jó ọ́ìlì tán bí ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá dín, ó ń jò níbì kan, bíbù kún un nìkan kì í sì í ṣe àtúnṣe.

Pípààrọ̀ rẹ̀

Ìwé ọkọ̀ ló ń sọ àsìkò rẹ̀; láàárín 50,000 sí 100,000 kìlómítà ni ó wọ́pọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò mọ̀ ni pé títú bóòtì ìsàlẹ̀ kì í da gbogbo rẹ̀ jáde: nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí ìdajì ló ń jáde, ìyókù sì wà nínú àwọn páìpù àti nínú ìkòkò tí ó so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà. Nítorí náà, ẹ wọn èyí tó jáde, kí ẹ sì dá iye kan náà padà. Bí ó bá pọ̀ jù, á máa hó, ìfófòó kò sì lè ti gíà.

Bí a bá sọ abọ́ ìsàlẹ̀ kalẹ̀, a ó rí òòfà kékeré nínú rẹ̀. Ìyẹ̀fun eérú tó lẹ̀ mọ́ ọn kò burú. Àfọ́kù irin ni ewu. Asẹ́ àti gáskẹ́ẹ̀tì ni a ń pààrọ̀ níbẹ̀.

Irú ọ́ìlì tí a ó dà sí i ṣe pàtàkì ju orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é lọ. Ti CVT, irú òtòmátíìkì tí kò ní ipele gíà, kì í ṣe ti òtòmátíìkì lásán, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan dípò èkejì. Lẹ́yìn tí a bá ti da tuntun sí i, a ó tan ọkọ̀, a ó tún gíà rẹ̀ kàn lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó sì fa gééjì wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Páálí tí a tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ mọ́jú á fi hàn bí bóòtì bá ṣì ń jò.