Wáyà sípíkà àti ti íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé tí à ń kọ́: páìpù ni kí ẹ kọ́kọ́ rò

Ìbéèrè tí àwọn onílé sábà máa ń kọ́kọ́ bi oníṣẹ́ wáyà ni pé irú wáyà wo ló dára jù. Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Páìpù tí wáyà máa gbà kọjá ló yẹ kó ṣáájú, torí ìgbà tí búlọ́ọ̀kù ṣì wà níhòòhò nìkan la lè rì í mọ́ ògiri láì ba nǹkan kan jẹ́. Wáyà lè gbó, eku lè gé e jẹ, èyí tó yára jù ú lọ sì lè jáde. Tó bá wà nínú páìpù, ẹ ó so tuntun mọ́ ìdí ògbólógbòó, ẹ ó fà á, ó parí. Tó bá jẹ́ pé inú sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ri òun nìkan mọ́, ògiri tí ẹ ti kùn tán lẹ máa fọ́.

Ẹ mú àwòrán ilé, kí ẹ fi bírò sàmì sí ibi tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan máa wà. Lẹ́yìn náà, ẹ yan ibì kan ṣoṣo tí gbogbo wáyà íntánẹ́ẹ̀tì máa parí sí: kọ́bọ́ọ̀dù tàbí kọ̀rọ̀ gbígbẹ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, tó ní sọ́kẹ́ẹ̀tì iná méjì ó kéré tán. Ibẹ̀ ni router (ẹ̀rọ tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì wọlé) àti switch (èyí tó ń pín in sí wáyà kọ̀ọ̀kan) máa jókòó sí. Wáyà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ti ibẹ̀ lọ tààrà síbi tó ń lọ, láìsí oríkèé, láì yà sí yàrá kankan lójú ọ̀nà. Àwọn oníná tó mọ iṣẹ́ iná dunjú gan-an máa ń ṣì í níbí: wọ́n á fa íntánẹ́ẹ̀tì bí wọ́n ṣe ń fa sọ́kẹ́ẹ̀tì, láti ihò kan bọ́ sí èkejì. Iná á gbà bẹ́ẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì ò ní gbà.

Ní ti iye, ẹ fi méjì sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, méjì síbi tábìlì iṣẹ́, ẹyọ kan fún kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan, àti ẹyọ kan sí àárín àjà ilé, lókè àti nísàlẹ̀, fún Wi-Fi. Ẹ má fi ti àjà yẹn ṣeré. Wi-Fi tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kì í sábà la ògiri búlọ́ọ̀kù mẹ́ta kọjá kó ṣì lágbára. Wáyà íntánẹ́ẹ̀tì yẹn náà ló máa gbé iná lọ bá ẹ̀rọ tó wà lókè, èyí tí wọ́n ń pè ní PoE, torí náà kò nílò sọ́kẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Wáyà sípíkà ní tiẹ̀ ò lọ sí kọ́bọ́ọ̀dù: ibi tí ampílífáyà máa wà ló ń lọ, abẹ́ tẹlifíṣọ̀n lọ́pọ̀ ìgbà.

Páìpù PVC 25 mm ni kí ẹ rà. Mẹ́rin nínú wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Cat6 máa wọ inú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. 20 mm ò gbọdọ̀ gbé ju méjì lọ. Àyè máa dà bíi pé ó ṣẹ́ kù, ó sì gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù: tí wáyà bá ti gba ju ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún inú páìpù lọ, á máa há níbi tí páìpù ti tẹ̀. Ẹ má lo ẹ́líbò tí àwọn púlọ́ḿbà fi ń fa omi, kọ̀rọ̀ rẹ̀ ti mú jù. Spring tí wọ́n ń kì bọ inú páìpù ni kí oníṣẹ́ fi tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìtẹ̀ méjì láàárín àpótí wáyà kan sí èkejì ti tó. Tí ẹ̀kẹta bá di dandan, ẹ fi àpótí mìíràn sáàárín.

Ti dẹ́kìn ló gba àmójútó jù. Orí irin la ti ń so páìpù mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré. Ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ gbogbo oríkèé, kí ẹ fi ọ̀rá àti téèpù dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì, torí omi sìmẹ́ǹtì ò nílò ihò ńlá kó tó wọlé, tó bá sì ti gan nínú páìpù, páìpù yẹn ti kú nìyẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń da kọnkéré, kí ẹnì kan dúró ti iṣẹ́ náà, kí ẹsẹ̀ àwọn alágbàṣe má tẹ oríkèé já. Gbogbo páìpù gbọ́dọ̀ ní okùn tí a ó fi fa wáyà nínú, kódà èyí tí wáyà ti wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n tó rẹ́ ògiri, ẹ na téèpù ìwọ̀n sára rẹ̀ kí ẹ sì ya fọ́tò. Fọ́tò yẹn lẹ máa padà wò lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi dírílì lu ògiri.

Wáyà iná ilé ò gbọdọ̀ bá wáyà sípíkà àti ti íntánẹ́ẹ̀tì wọ páìpù kan náà láéláé, kò sì gbọdọ̀ bá wọn pín àpótí. Ariwo tí sípíkà máa ń kùn nìkan kọ́ ni ìdí rẹ̀. Tí rọ́bà wáyà iná bá bó, iná ilé lè gba ara wáyà sípíkà dé ọwọ́ ènìyàn. Tí páìpù méjèèjì bá jọ ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ fi 30 cm sáàárín. Tí wọ́n bá máa pàdé, kí wọ́n dábùú ara wọn. Tí ẹ bá sì ń fa íntánẹ́ẹ̀tì lọ sí ilé kejì nínú ọgbà, fiber, ìyẹn wáyà onígíláàsì tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé íntánẹ́ẹ̀tì, ni kí ẹ lò: wáyà bàbà lè gbé agbára mànàmáná wọlé bá router.

Ó wá kan wáyà. Cat6 ń gbé 1 Gbps (ìwọ̀n ìyára íntánẹ́ẹ̀tì) dé 100 m, ó sì ń gbé 10 Gbps dé 55 m. Ó tó fún ilé gbígbé. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni ayédèrú bàbà, ìyẹn CCA: alumíníọ́mù ni inú rẹ̀, bàbà kàn bò ó lójú ni. Ẹ bó orí wáyà, kí ẹ fi abẹ fá okùn kan. Bàbà gidi máa pọ́n títí dé inú. CCA á funfun lẹ́yìn ìfá kan tàbí méjì, ó sì máa ń tètè kán tí a bá ń tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn. Òun ló máa ń fà á tí kámẹ́rà á fi ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, tí á wá máa kú lálẹ́ nígbà tí iná alẹ́ rẹ̀ bá tàn, torí kò lè gbé iná tí kámẹ́rà ń fẹ́ láì pàdánù púpọ̀ lọ́nà.

Fún sípíkà 8 ohm (ohm ni ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dènà iná), wáyà bàbà 1.5 mm² dára dé nǹkan bí 17 m, 2.5 mm² dé nǹkan bí 29 m. Tó bá jẹ́ sípíkà 4 ohm, ẹ pín gígùn yẹn sí méjì. Wáyà tí wọ́n ń polówó pé ó ń mú ohùn dùn ò ní ṣe ju bàbà tó nípọn tó lọ.

Ìgbà tí ògiri tí wọ́n rẹ́ bá ti gbẹ ni kí ẹ fa wáyà. Ẹ má so orí wáyà mẹ́rin pọ̀ lójú kan. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi 5 cm kúrú ju ìkejì rẹ̀ lọ, kí ẹ fi téèpù wé wọn kó rí ṣóńṣó. Ẹnì kan ń fà, ẹnì kejì ń tì í wọlé. Ìfà Cat6 ò gbọdọ̀ ju ìwúwo kílò 11 lọ. Tó bá há, ẹ fà á padà, ẹ má fi agbára já a. Wáyà tó bá ti ká kò títí tó fi ṣẹ́, títọ́ ọ ò wò ó sàn. Ẹ kọ orúkọ sí ìdí méjèèjì kí ẹ tó gé e, kí ẹ fi 30 cm sílẹ̀ lẹ́nu ògiri àti 2 m ní kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tí ẹ bá ń kan orí rẹ̀, ẹ má tú àwọn okùn tó lọ́ mọ́ra ju 13 mm lọ, kí ẹ sì lo T568B, ìyẹn ètò àwọ̀ àwọn okùn náà, ní ìdí méjèèjì.

Fún àyẹ̀wò wáyà sípíkà, ẹ so okùn méjèèjì pọ̀ ní ìdí kan, kí ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n ní ìdí kejì. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu mítà kan ara wọn, kí ẹ yọ iye yẹn kúrò. 2.5 mm² tó gùn ní 20 m yẹ kó fún yín ní nǹkan bí 0.3 ohm. Ẹ tú u sílẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n: tí mítà bá ṣì ń ka nǹkan kan, ìṣó ti gún un níbì kan. Tí sípíkà bá ti wà lójú àyè, ẹ fi bátìrì 1.5 V kan wáyà rẹ̀ fìrí, èyí tó ní àmì + sí pupa. Awọ sípíkà gbọ́dọ̀ yọ síta. Tó bá wọlé, wọ́n ti so ó sódì, báàsì á sì dínkù nígbà tí méjì bá jọ ń dún. Ẹ tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n lẹ́yìn tí káfíńtà bá ti kan àjà tán, kó tó kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ.